Búṣì Kọ́ Ni Ìwọ̀n: Ìdáhùn fún Olùkọ́ Tí Bírò Onígi Rẹ̀ Kì Í Dọ́gba

Olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìkéré-Èkìtì ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra ẹ̀rọ léètì kékeré tí wọ́n fi ń fá igi, mo sì ń fi ìrókò àti ọmọ̀ ṣe bírò pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì mi. Mo máa ń fá igi náà títí yóò fi bá búṣì, òrùka irin tó ń wà létí igi lórí ẹ̀rọ, dọ́gba, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sínú ìwé tó bá kíìtì, ìyẹn àkójọ irin tí à ń tò di bírò, wá. Àmọ́ tí mo bá to bírò pọ̀ tán, nígbà mìíràn igi á ga ju irin lọ yí ká. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, igi á yọ lápá kan, á sì rì lápá kejì. Mo ti ra búṣì mìíràn, ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀. Ṣé ayédèrú búṣì ni wọ́n ń tà fún wa ni? Ṣé kí n dá a padà fún ẹni tó tà á?"

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìforítì. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lákàtúnkà, mo sì rí i pé ìṣòro méjì ni ẹ kó pọ̀ sójú kan. Ẹ ní igi máa ń ga ju irin lọ yí ká. Ẹ tún ní nígbà mìíràn ó máa ń yọ lápá kan kó rì lápá kejì. Àrùn méjì nìyẹn, oògùn wọn kò sì jọra. Èkíní jẹ́ ọ̀rọ̀ ìwọ̀n: búṣì tóbi ju irin bírò lọ, tàbí ó kéré sí i. Èkejì jẹ́ ọ̀rọ̀ àárín: igi tí ẹ ń fá kò yí lórí àárín ara rẹ̀. Búṣì tuntun lè mú èkíní kúrò bí oríire bá ṣe é. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èkejì ni, ẹ lè ra búṣì mẹ́wàá kí nǹkan kan má yí padà, nítorí ó ṣeé ṣe kí ẹ̀bi má sí lọ́wọ́ búṣì rárá.

Kí àwọn òǹkàwé yòókù lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí búṣì ń ṣe. Ẹni tó fẹ́ ṣe bírò onígi á gé ègé igi kékeré, á fi díríìlì lu ihò já a láàárín, á sì fi gọ́mù lẹ ọ̀pá idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ inú ihò náà. Nínú kíìtì tí wọ́n ń pè ní Slimline, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀pá idẹ yìí jẹ́ mìlímítà 7. Lẹ́yìn náà ni yóò ti ọ̀pá irin gígùn kan, tí à ń pè ní máńdírẹ̀lì, gba inú idẹ náà kọjá. Búṣì kan á wà ní orí ègé igi, òmíràn á wà ní ìdí rẹ̀, nọ́ọ̀tì á sì fún gbogbo wọn pọ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n gbé fún búṣì. Ó ń di igi mú kó má kúrò láàárín ọ̀pá irin, ó sì ń tọ́ka ibi tó yẹ kí ẹni tó ń fá igi dúró. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ló ṣe kókó. Èkejì, ìtọ́ka lásán ni. Àwọn tó kọ ìwé kíìtì ló sọ ọ́ di òfin.

Ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ rèé. Irin orí bírò, irin ẹnu rẹ̀ àti òrùka àárín rẹ̀ kì í dá rí bí ẹ ṣe ń rí wọn nínú ọ̀rá yẹn. Ilé iṣẹ́ á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ gé wọn, wọ́n á dán wọn, kí wọ́n tó wá fi kúróòmù tàbí góòlù tàbí àwọ̀ mìíràn bò wọ́n. Dídán ń jẹ lára irin, ìbòrí ń fi kún un, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sì ní bó ṣe nípọn sí. Nítorí náà, bírò oníkúróòmù àti onígóòlù tí wọ́n jẹ́ orúkọ kan náà lè fi díẹ̀ yàtọ̀ síra, bẹ́ẹ̀ búṣì kan ṣoṣo ni wọ́n ní ká lò fún àwọn méjèèjì. Ilé iṣẹ́ oríṣiríṣi ló sì tún ń ṣe kíìtì tó jọra lójú. Búṣì tí ẹ rà fún ti ọ̀kan á wọ ti èkejì láìsí ìjà, ṣùgbọ́n irin wọn kò dọ́gba. Ti Slimline tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Búṣì oníwọ̀n kan náà ni wọ́n máa ń fún wa fún ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ègé igi rẹ̀ méjèèjì, òkè, ìsàlẹ̀, àti ibi méjì tó kọjú sí òrùka àárín, bẹ́ẹ̀ àwọn irin tó ń jókòó sí ojú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yẹn kò bá ara wọn mu. Télọ̀ kì í fi ara ọmọ aládùúgbò wọn aṣọ ọmọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́, kódà bí ọjọ́ orí wọn bá jọra. Ohun tí ìwé kíìtì ní ká máa ṣe gan-an nìyẹn.

Nítorí náà, irin bírò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ máa wọ̀n. Ẹ wá kálípà, irinṣẹ́ ẹlẹ́nu méjì tí à ń fi wọn ìbú nǹkan. Èyí tó ń fi nọ́ńbà hàn lójú rẹ̀ rọrùn fún àwọn ọmọ. Èyí tí à ń ka ìlà ara rẹ̀ dára bákan náà, kò sì ń jẹ bátìrì. Ẹ pa ẹnu rẹ̀ dé, ẹ rí i pé òdo ló kà, kí ẹ tó fi wọn nǹkan kan. Etí tí irin á fi pàdé igi gan-an ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe ibi tó ti yọ ikùn. Ẹ yí irin náà díẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n, torí irin mìíràn wà tí òun alára kò rí róbótó. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá wọn búṣì. Ká ní irin ẹnu bírò jẹ́ mìlímítà 8.30, tí búṣì sì jẹ́ 8.50. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.20. Ẹ pín in sí ẹ̀gbẹ́ méjì, igi á fi 0.10 ga ju irin lọ yí ká. Bébà tí à ń kì sínú ẹ̀rọ ìtẹ̀wé nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ó kéré lójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n yóò máa kọ́ èékánná, àtàǹpàkò ẹni tó bá ra bírò náà á sì máa mọ̀ ọ́n ní gbogbo ìgbà tó bá fi kọ̀wé. Kódà ìdajì rẹ̀, ọwọ́ á ṣì mọ̀ ọ́n.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kálípà yìí lè dún bí àṣejù létí ọmọ Èkìtì. Ìkéré yín náà ni Olówè ará Ìsẹ̀ ti gbẹ́ ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ síbi àfihàn ńlá ní Wembley lọ́dún 1924, tó sì wà ní British Museum títí dòní. Ẹnikẹ́ni kò lè wá kọ́ wa ní ohun tí ojú àti ọwọ́ ń ṣe lára igi. Èmi náà gbà pé ojú ló ń mọ ẹwà. Ibi tó yẹ kí ara bírò yọ ikùn, ibi tó yẹ kó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fi ojú ṣe é, ẹ má mú kálípà dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ibi tí igi ti fẹ́ pàdé irin tí ẹ̀rọ gé, ojú nìkan kò tó. Etí igi méjèèjì péré ni mo ní kí ẹ wọ̀n.

Tí nọ́ńbà bá ti wà lọ́wọ́, ẹ kọ ọ́ sára bébà kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí ojú yín á máa dé. Ẹ fá igi títí yóò fi ku nǹkan bíi 0.3 sí 0.5 kó dé ìwọ̀n irin, ẹ dá ẹ̀rọ dúró, kí ẹ tó wọn igi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹnu mọ́ èyí fún àwọn ọmọ: a kì í fi kálípà kan ohun tó ń yí. Igi lè já a gbà mọ́ ọmọ lọ́wọ́ kó sọ ọ́ sí i lójú. Èyí tó bá kù, ẹ fi irin ìfági tó mú mú un kúrò díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi sánpépà parí rẹ̀. Bí ẹ bá ń fi òróró tàbí ṣẹ́láàkì pa bírò yín, ẹ fá igi dé ìwọ̀n irin gẹ́lẹ́, nítorí ìpara wọ̀nyẹn kò nípọn tó ohun tí ọwọ́ ń mọ̀. Súpàgúlù ló yàtọ̀. Ẹni tó bá ń fi í pa igi kó lè máa dán á máa pa á lé ara wọn léraléra, ohun tó bá sì kóra jọ sára igi lè tó 0.1 sí 0.2 nínú ìbú rẹ̀. Tí ẹ kò bá fi ààyè sílẹ̀ fún un, igi tó bá irin dọ́gba kí ẹ tó pa á á ti ga jù ú lọ nígbà tó bá gbẹ, búṣì lẹ ó sì máa bú. Ẹ wọn ègé kan kí ẹ tó fi gúlù pa á, ẹ tún un wọ̀n nígbà tó bá gbẹ tí ẹ ti dán an tán. Ohun tó fi kún ìwọ̀n àkọ́kọ́ ni ààyè tí ẹ̀yin gbọ́dọ̀ máa fi sílẹ̀, torí bí ọwọ́ yín ṣe ń pa á kò lè rí bí tèmi.

Búṣì tó pé lónìí kì í pé títí lọ o. Irin rírọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn. Gbogbo ìgbà tí sánpépà bá ti orí igi kọjá sórí búṣì, ó ń jẹ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí irin ìfági bá kàn án, ó ń ha á. Ní kíláàsì tí ọmọ púpọ̀ ti ń pín búṣì kan lò, kò ní pẹ́ tí yóò fi kéré sí ìwọ̀n tí ẹ rà á, ìgbà yẹn ni igi á wá bẹ̀rẹ̀ sí í rì sábẹ́ irin. Èyí ló sì burú jù nínú méjèèjì: igi tó ga, ẹ lè mú un kúrò, igi tó ti rì, ẹ kò lè dá a padà, àfi kí ẹ máa fi súpàgúlù bò ó títí yóò fi kún. Ọmọ̀ tí ẹ ń lò tún ní ìṣòro tirẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́, kò ṣókùnkùn, tí sánpépà bá sì ti ń jẹ irin, eruku dúdú irin náà á wọ inú ihò tín-ín-tín ara igi létí, á fi òrùka dúdú síbẹ̀ tí kò ní ṣeé fọ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé nígbà tí igi bá ti sún mọ́ ìwọ̀n, mo máa ń yọ búṣì irin kúrò pátápátá, màá fi búṣì oníke tí ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó sí ipò rẹ̀, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í lo sánpépà àti ìpara. Ike tí wọ́n ń pè ní Delrin dára gan-an fún un, nítorí súpàgúlù kì í fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Tí gúlù bá lẹ igi pọ̀ mọ́ búṣì irin, ẹ ó fipá yà wọ́n ni, ibi tí ẹ bá sì ti yà wọ́n, ìpara á ta kúrò létí igi.

Ó wá kan àrùn kejì, èyí tí mo gbà pé òun ló ń da ọkàn yín láàmú jù. Ẹ mú bírò kan tó ti bàjẹ́, ẹ fi èékánná yí etí rẹ̀ po jẹ́jẹ́. Bí igi bá ga yí ká láìku ibì kan, tàbí tó rì yí ká, ìwọ̀n ni. Bí ó bá ga níbì kan, tó sì rì ní ọ̀kánkán rẹ̀ gan-an, àárín ló yẹ̀. Bí ó bá ga níbi méjì tó kọjú síra, tó sì rì níbi méjì yòókù, igi náà ti gbẹ tàbí ó ti wú lẹ́yìn tí ẹ fá a tán, kò rí róbótó mọ́. Bí àlàfo bá wà láàárín igi àti irin lápá kan, tí wọ́n sì lẹ̀ mọ́ra lápá kejì, ẹnu igi ni kò gún. Mo fẹ́ kí ẹ ṣe èyí kí ẹ tó fi kọ́bọ̀ ra ohunkóhun. Èékánná yín á sọ ọ́ dájú ju èmi tí mo jókòó sí Adó yìí lọ.

Tó bá jẹ́ àárín ló yẹ̀, ọwọ́ tó le ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Máńdírẹ̀lì kò nípọn; èyí tí à ń lò fún Slimline kò ju nǹkan bíi mìlímítà 6.2 lọ. Tí ẹ bá fún nọ́ọ̀tì rẹ̀ jù, tàbí tí ẹ bá fi agbára ti sẹ́ńtà ìdí ẹ̀rọ, irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó tó ń gbé ẹnu ọ̀pá dúró, mọ́ ọn, ọ̀pá náà á tẹ̀ láàárín, títẹ̀ tí ojú lè má rí. Igi á ṣì yí, ẹ ó sì fá a títí yóò fi róbótó, ṣùgbọ́n róbótó náà kò ní bá idẹ inú rẹ̀ ní àárín kan náà. Ìgbà tí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì tí ọ̀pá padà nà, tí irin bírò wá jókòó sínú idẹ, ni àṣírí á tú. Ẹ fún nọ́ọ̀tì títí igi kò fi ní yọ̀ mọ́, kó tán síbẹ̀. Ẹ ti sẹ́ńtà ìdí ẹ̀rọ wá títí yóò fi máa bá ọ̀pá yí, kó tán síbẹ̀ náà. Àwọn ọmọ tí ara wọn le ló máa ń fún un jù, nítorí ẹ̀rù pé kí igi má fò jáde. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìka méjì fún un, kì í ṣe gbogbo àtẹ́lẹwọ́. Ẹ tún wo léètì fúnra rẹ̀. Ẹ yọ máńdírẹ̀lì, ẹ fi sẹ́ńtà ẹlẹ́nu ṣóńṣó sí orí ẹ̀rọ àti ìdí rẹ̀, kí ẹ sún wọn pàdé. Ẹnu méjèèjì gbọ́dọ̀ kan ara wọn láìyẹ̀. Bí wọ́n bá yẹ̀, búṣì kọ́ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni búṣì wá kàn, ibí yìí sì ni ẹ̀sùn ayédèrú ti lè fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ihò búṣì gbọ́dọ̀ wọ ọ̀pá irin láìní ààyè, kó kàn ṣeé fi ọwọ́ tì lọ tì bọ̀. Tí ihò náà bá fi 0.2 tóbi ju ọ̀pá lọ, búṣì lè fi 0.1 kúrò láàárín. Igi á wá fi 0.1 ga lápá kan, á fi 0.1 rì lápá kejì. Ohun tó ń tan ènìyàn jẹ ni pé ẹ lè fi kálípà wọn ìta búṣì yìí kó pé pérépéré, torí kálípà tí ẹ fi mú ìta rẹ̀ kò lè mọ ibi tí ihò inú rẹ̀ wà. Máákà ló mọ̀ ọ́n. Ẹ kó búṣì nìkan sórí ọ̀pá láìsí igi, ẹ fún nọ́ọ̀tì díẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa yí jẹ́jẹ́, ẹ gbé ọwọ́ lé ibi ìgbọ́wọ́lé rẹ̀, kí ẹ wá rọra sún ẹnu máákà mọ́ búṣì títí yóò fi ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án. Bí àmì máákà bá yí i po, ó wà láàárín. Bí ó bá jẹ́ apá kan ṣoṣo ni àmì wà, ó ti yẹ̀. Ẹ dá ẹ̀rọ dúró, ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ yí búṣì nìkan ní ìdajì ìyípo lórí ọ̀pá, ẹ nu àmì tó wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fi nǹkan mú ibẹ̀ mọ̀, kí ẹ tún un ṣe. Bí àmì tuntun bá bọ́ sí ibi kan náà lára búṣì, ihò búṣì kò sí láàárín. Bí ó bá jẹ́ pé apá kan náà lára ọ̀pá ni àmì máa ń kọjú sí, bó ti wù kí ẹ yí búṣì, ọ̀pá ló tẹ̀. Bí àmì bá ń bọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún láìnídìí, ihò náà ló gbòòrò jù. Ẹ lè ṣe èyí lójú àwọn ọmọ. Kò sí ẹ̀kọ́ tó dára jù ú lọ nípa bí a ṣe ń wá ìdí ọ̀ràn.

Ti ẹnu igi tí kò gún, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Lẹ́yìn tí gọ́mù bá gbẹ, irin tí a fi ń gé ẹnu igi gbọ́dọ̀ mú, ọ̀pá rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kún inú idẹ, kó lè gé e ní ìgúnlẹ̀ sí idẹ náà. Ẹ dúró lójú ẹsẹ̀ tí etí idẹ bá ti ń kọ mànà yí ká. Tí ẹ bá gé wọnú idẹ, ara bírò á kúrú, inki rẹ̀ lè má wọlé tán tàbí kó máà yọ síta dáadáa. Ẹ fi ọ̀bẹ ha gọ́mù tó bá wà nínú idẹ kúrò. Gọ́mù tó gbẹ síbẹ̀ tàbí ẹnu igi tó dagun á mú kí búṣì fara ti apá kan, tí nọ́ọ̀tì bá sì ti ń fún un bẹ́ẹ̀, òun náà á tẹ ọ̀pá.

Igi tí kò róbótó mọ́, òun ni kò sí búṣì tàbí ẹ̀rọ tó lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Igi kì í súnkì dọ́gba. Bó ṣe ń súnkì ní ìhà tó tẹ̀lé òrùka inú rẹ̀ máa ń tó ìlọ́po méjì bó ṣe ń súnkì láti ọkàn igi wá sí èèpo. Bírò tí ẹ fá nígbà òjò, tó sì bá irin dọ́gba, nígbà tí ọyẹ́ bá dé á ti gbẹ sí i, apá kan á ti wọlé ju ìkejì lọ, irin sì wà bó ṣe wà. Ìrókò tó ti gbẹ dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ rà ní sọ́míìlì, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, omi ṣì wà nínú rẹ̀, bó ti wù kí ojú rẹ̀ gbẹ tó. Ẹ gé e sí ègé bírò kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀, torí ègé kékeré tètè ń gbẹ ju pákó lọ, ẹ tò ó síbi tí afẹ́fẹ́ ń gbà nínú ilé fún oṣù bíi mélòó kan. Tí ẹ bá lu ihò rẹ̀, ẹ jẹ́ kó tún sinmi kí ẹ tó fi gọ́mù lẹ idẹ mọ́ ọn. Níwọ̀n ìgbà tí mo sì ti dárúkọ ìrókò: eruku rẹ̀ ń yún ara, ó sì ń dí èémí àwọn kan. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi sánpépà fá a láìbo imú.

Ẹ ó bi mí pé kí wá ni kí ẹ ṣe sí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́. Àwọn kan á ní kí ẹ pa máńdírẹ̀lì tì, kí ẹ máa fá igi láàárín sẹ́ńtà méjì: sẹ́ńtà oní dígírì 60 ní orí ẹ̀rọ, òmíràn tó ń yí ní ìdí rẹ̀, igi àti búṣì láàárín wọn, láìsí ọ̀pá kankan. Òtítọ́ ni pé ó dára. Kò sí ọ̀pá tó máa tẹ̀, kò sí nọ́ọ̀tì tó máa fún un jù, ẹ sì lè yọ igi wọ̀n kí ẹ dá a padà ní ìṣẹ́jú kan. Èmi náà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe tèmi. Àmọ́ búṣì tó bá a mu gbọ́dọ̀ ní ọrùn tó wọ inú idẹ ṣinṣin, kí ẹnu rẹ̀ sì dagun ní dígírì 60 kí sẹ́ńtà lè jókòó sí i. Búṣì lásán tí ẹ bá fi ṣe é, sẹ́ńtà á máa jẹ etí ihò rẹ̀ títí yóò fi yẹ̀. Àwọn tọ́nà tó ń fá irin lè ṣe irú búṣì bẹ́ẹ̀ fún yín. Ohun kan ni kí ẹ sọ fún wọn: kí wọ́n fá ìta àti ọrùn rẹ̀, kí wọ́n sì lu ihò rẹ̀, láìtú irin náà kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ wọn. Tí wọ́n bá tú u kí wọ́n tó parí, àárín ìta lè má bá ti ihò mu mọ́, ìyà tí ẹ ń jẹ lọ́wọ́ náà ni ẹ ó tún fi owó rà. Fún kíláàsì, èrò tèmi ni pé kí ẹ má tíì pa máńdírẹ̀lì tì. Ó rọrùn fún ọwọ́ kékeré, ó sì di igi mú dáadáa bí a bá fi sùúrù fún un. Sẹ́ńtà oníhò kan wà tí ọ̀pá ń gba inú rẹ̀ kọjá, tó jẹ́ pé búṣì ló ń tì, kì í ti ẹnu ọ̀pá. Bí ẹ bá rí i rà, ó mú ọ̀pọ̀ nínú ọ̀ràn títẹ̀ yẹn kúrò. Tí ẹ kò bá rí i, kálípà ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó rà.

Gbogbo èyí tí mo kà sílẹ̀ kò ní sọ igi di irin. Ẹ ó ṣe ohun gbogbo bó ṣe yẹ, oṣù díẹ̀ á kọjá, ọwọ́ yín á tún kan ìyàtọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ kan létí bírò. Ọ̀pọ̀ àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi sánpépà gé ṣónṣó etí igi díẹ̀ kí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ má baà kọ́ ọwọ́, mi ò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, bí kì í bá ṣe pé ẹ fi ń bo àárín tó yẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ní ti dídá búṣì padà: bí ìdánwò máákà bá fi hàn pé ihò rẹ̀ kò sí láàárín tàbí pé ó gbòòrò jù, ẹ dá a padà láìwojú ẹnikẹ́ni, kí ẹ mú un lọ pẹ̀lú àmì máákà lára rẹ̀ kí ẹni tó tà á lè fojú ara rẹ̀ rí i. Bó bá jẹ́ pé ìta rẹ̀ nìkan ni kò bá irin bírò mu, ẹ má dá a padà, kò jẹ̀bi. Ẹ máa fi di igi mú, ẹ jẹ́ kí kálípà máa ṣe ìwọ̀n. Tí ẹ bá ti ṣe méjèèjì tí àárín ṣì ń yẹ̀, ẹ tún kọ̀wé sí mi, kí ẹ fi nọ́ńbà irin, nọ́ńbà búṣì, àti ibi tí àmì máákà bọ́ sí ránṣẹ́.